Ta ló fi Dókítà Minns jẹ méyọ̀ ní Thetford? Bí ìdìbò káńsù ṣe ń lọ nílùú kékeré ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ìgbà yẹn

Tí oṣù October bá ti wọlé, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ Black History Month ní UK, fọ́tò Dókítà Allan Glaisyer Minns á bẹ̀rẹ̀ sí í rìn kiri lórí WhatsApp àti Facebook, wọ́n á kọ ọ́ sí i pé òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní gbogbo Britain, nílùú Thetford, lọ́dún 1904. Òótọ́ ni. Àlàyé táwọn èèyàn wá ń so mọ́ ọn ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Àwọn kan á ní gbogbo ìlú ló tò sórí láìnì tí wọ́n dìbò fún un, àwọn kan á ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé òyìnbó wo ló máa dìbò fún aláwọ̀ dúdú ní 1904, wọ́n kàn fi oyè dá a lọ́lá ni, àwọn kan tún á ní irọ́ ni jàre, John Archer, méyọ̀ Battersea ní London, ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ohun tó jẹ́ kó rú wọn lójú ò ju pé ètò ìdìbò káńsù ìlú kékeré nígbà yẹn ò jọ èyí tá a mọ̀ lónìí rárá, bẹ́ẹ̀ téèyàn bá ti mọ bó ṣe ń lọ, kò sí ohun tó ṣòro níbẹ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà ná. Ará ìlú kọ́ ló ń yan méyọ̀. Ìdìbò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló ń wáyé nínú oṣù November kan náà. Ní ọjọ́ 1, àwọn ará ìlú tí òfin gbà láyè á dìbò yan káńsẹ́lọ̀. Tó bá di ọjọ́ 9, àwọn tó wà nínú káńsù fúnra wọn á pàdé, wọ́n á yan ẹnì kan ní méyọ̀, ọdún kan ṣoṣo ló sì máa fi wà níbẹ̀ àyàfi tí wọ́n bá tún un yàn. Torí náà tẹ́ ẹ bá kà á níbì kan pé 1903 ni wọ́n dìbò yan Dókítà Minns sí káńsù Thetford, tẹ́ ẹ tún kà á níbòmíì pé 1904 ni wọ́n yàn án, kò sí èyí tó jẹ́ irọ́ níbẹ̀. Àwọn ará ìlú ló gbé e wọ káńsù ní 1903, àwọn ọmọ káńsù ẹgbẹ́ ẹ̀ ló fi í jẹ méyọ̀ ní 1904.

Thetford wà ní Norfolk, lápá ìlà-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí odò Thet ti wọnú odò Little Ouse. Nígbà tí ọ̀rúndún ogún ń bẹ̀rẹ̀, àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ò tó 5,000. Oko ló yí ìlú náà ká, ilé iṣẹ́ Charles Burrell tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì onísítíìmù ń fún ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀ níṣẹ́, nírú ìlú bẹ́ẹ̀ kò sí pé èèyàn ń dìbò fún ẹni tí kò mọ̀ rí, ẹni tó ń ta búrẹ́dì fún ẹ tàbí dókítà tó wo ọmọ ẹ sàn ni orúkọ ẹ̀ máa wà lórí ìwé ìdìbò. Láti ayé Queen Elizabeth àkọ́kọ́, ní 1574, ni wọ́n ti ní ìwé àṣẹ ọba pé kí wọ́n ní méyọ̀ àti káńsù tiwọn.

Ṣùgbọ́n kí ìlú ní káńsù yàtọ̀ sí kí ará ìlú lẹ́nu nínú ẹ̀ o. Kó tó di 1835, ọ̀pọ̀ káńsù irú Thetford yìí, àwọn tó wà nínú ẹ̀ ló ń yan ara wọn. Tí ẹnì kan bá kú, àwọn tó kù á wá ọ̀rẹ́ tàbí ẹbí kan sí ipò ẹ̀, ó parí. Ní Thetford, méyọ̀ kan, alderman (ìyẹn àgbà ọmọ káńsù) 10 àti ọmọ káńsù lásán 20 ló wà, àpapọ̀ wọn jẹ́ 31. Àwọn 31 yìí nìkan náà ló tún ń dìbò yan aṣòfin méjì tí Thetford ń rán lọ sí Pálímẹ́ǹtì ní London. Èèyàn mọ́kànlélọ́gbọ̀n, aṣòfin méjì! Duke of Grafton tí ilé ńlá ẹ̀ wà ní Euston, nítòsí ibẹ̀, mọ gbogbo wọn, ó sì ní agbára lórí ẹni tí wọ́n máa mú. Ó máa ń dùn mí tí mo bá rántí pé ìlú yìí gan-an ni wọ́n bí Thomas Paine sí ní 1737, ọkùnrin tó fi gbogbo ayé ẹ̀ jà pé gbogbo èèyàn ló ní ẹ̀tọ́ láti yan ẹni tó máa ṣàkóso wọn. Ní 1868 ni àyè Thetford nínú Pálímẹ́ǹtì wá parẹ́ pátápátá, àmọ́ káńsù ìlú náà ò parẹ́, ó ti kọ́kọ́ yí padà.

Òfin tó yí i padà ni Municipal Corporations Act ti 1835. Ìlú 178 ni òfin yẹn kọ́kọ́ kàn, Thetford sì wà lára wọn. Ohun tó sọ ni pé káńsù ò gbọ́dọ̀ máa yan ara ẹ̀ mọ́, àwọn tó ń san réètì ni kó máa yan án. Réètì yìí ni owó tí wọ́n ń bu lé ilé àti ṣọ́ọ̀bù, ó jọ tenement rate tiwa, òun ni wọ́n fi ń tún títì ṣe, tí wọ́n fi ń tan iná àárín ìlú, tí wọ́n fi ń gbẹ́ gọ́tà. Ẹni tó ń sanwó ni kó sọ bí wọ́n ṣe máa ná an, èrò tó wà nídìí ẹ̀ nìyẹn. Nígbà tó di 1882 wọ́n kó gbogbo òfin káńsù jọ sínú ẹyọ kan, òfin 1882 yẹn ni wọ́n ń lò nígbà tí Dókítà Minns dupò, òun sì ni mo fẹ́ fi ṣàlàyé.

Ta ló lè dìbò nígbà náà? Kì í ṣe gbogbo àgbàlagbà o, ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í nìyí. Èèyàn gbọ́dọ̀ ti pé ọdún 21, kó jẹ́ pé òun ló di ilé tàbí ṣọ́ọ̀bù kan mú nínú ìlú fún odindi ọdún kan, kó ti san réètì ibẹ̀, kó sì máa gbé inú ìlú tàbí ibi tí kò ju máìlì méje lọ sí i. Kò pọn dandan kó jẹ́ pé òun ló kọ́ ilé náà, ayálégbé tó ń san réètì náà wà nínú ẹ̀. Àmọ́ ọ̀dọ́kùnrin tó ti pé ọmọ ọdún 25 tó ṣì ń gbé lọ́dọ̀ bàbá ẹ̀, kò lè dìbò. Ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń sùn nílé ọ̀gá ẹ̀, kò lè dìbò. Ẹni tí ebi pa débi tó fi lọ gba ìrànlọ́wọ́ tàwọn tálákà lọ́dún yẹn, wọ́n á yọ orúkọ ẹ̀ kúrò. Èyí tó máa ń ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé obìnrin wà nínú régístà, láti 1869 ni wọ́n ti fún obìnrin tó ń san réètì láyè láti dìbò káńsù, odindi ọdún 49 kí obìnrin kankan tó dìbò Pálímẹ́ǹtì. Àmọ́ kóòtù sọ ní 1872 pé obìnrin tó wà nílé ọkọ ò sí níbẹ̀, opó àtẹni tí kò lọ́kọ nìkan ni. Ẹ wá fojú inú wò ó: ìyá kan ní ṣọ́ọ̀bù lójú títì, ọkọ ẹ̀ kú, òun ló ń san réètì, ó lè dìbò. Tí ìyá yìí bá tún wá lọ́kọ, orúkọ ẹ̀ á kúrò nínú régístà, torí ọkọ ẹ̀ ti di ẹni tí wọ́n kà sí onílé.

Bí wọ́n ṣe ń dìbò gan-an náà ti yí padà kó tó kan Minns. Láti 1835 títí dé 1872, ìwé ni wọ́n ń kọ, kì í ṣe pé wọ́n ń pariwo orúkọ bíi ti ìdìbò Pálímẹ́ǹtì, ṣùgbọ́n ẹni tó ń dìbò gbọ́dọ̀ buwọ́ lu ìwé náà, torí náà ọ̀gá níbi iṣẹ́ tàbí onílé lè mọ ẹni tó o dìbò fún. Òfin ìdìbò ìkọ̀kọ̀ ti 1872 ló fòpin sí ìyẹn. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń gba ìwé tí orúkọ àwọn olùdíje wà lórí ẹ̀, wọ́n á fa X síwájú ẹni tí wọ́n fẹ́, wọ́n á ká a, wọ́n á jù ú sínú àpótí. Ìyẹn ni pé ní 1903, kò sí ẹni tó lè fipá mú ẹnikẹ́ni láti dìbò fún Dókítà Minns, kò sì sí ẹni tó lè fìyà jẹ ẹni tó bá dìbò fún un.

Ó wá ku iye àyè. Ní àwọn ìlú kékeré tí wọn ò pín sí wọ́ọ̀dù, káńsẹ́lọ̀ 12 ló wà, kálukú ń lo ọdún mẹ́ta, àmọ́ wọn kì í kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdá kan nínú mẹ́ta wọn, ìyẹn mẹ́rin, ló ń kúrò lọ́dọọdún, nítorí ẹ̀ ni ìdìbò fi ń wáyé ní gbogbo November láìsinmi. Tí ọjọ́ 1 bá bọ́ sí ọjọ́ Sunday, bó ṣe rí ní 1903 yẹn, wọ́n á sún un sí ọjọ́ kejì. Ẹni tó fẹ́ dupò gbọ́dọ̀ ní fọ́ọ̀mù tí èèyàn mẹ́wàá nínú àwọn olùdìbò ìlú buwọ́ lù, ẹni tó dábàá ẹ̀, ẹni tó kín in lẹ́yìn, àtàwọn mẹ́jọ mìíràn. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ lórí èyí, torí òfin ò yọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀: kí Minns tó lè wọ káńsù, àwọn èèyàn Thetford mẹ́wàá tó ń san réètì ti ní láti kọ orúkọ ara wọn sórí ìwé pé ọkùnrin tí wọ́n bí sí Bahamas yìí làwọn fẹ́, ìwé yẹn kì í sì í ṣe ti ìkọ̀kọ̀.

Lọ́jọ́ ìdìbò, nítorí pé àyè mẹ́rin ló ṣí, olùdìbò kọ̀ọ̀kan ní ìbò mẹ́rin, àmọ́ kò lè fún ẹnì kan ní ju ẹyọ kan lọ. Kò sì di dandan kó lo gbogbo ẹ̀. Ká ní èèyàn mẹ́fà ló ń dupò, àwọn mẹ́rin tí ìbò wọn pọ̀ jù ló wọlé. Ibi tí ọgbọ́n wà ni pé téèyàn bá fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo wọlé lójú méjèèjì, á fa X ẹyọ kan síwájú orúkọ ẹni náà, á fi mẹ́ta tó kù sílẹ̀, torí tó bá fún ẹlòmíì níbò, ó lè jẹ́ ìbò yẹn gan-an lonítọ̀hún máa fi bori ẹni tó fẹ́. Wọ́n ń pe ìyẹn ní plumping, àwọn tó ń díje sì máa ń bẹ àwọn èèyàn wọn lábẹ́lẹ̀ pé kí wọ́n ṣe é. Ìdí nìyẹn tẹ́ ẹ fi máa ń rí i nínú ìwé ìròyìn àtijọ́ pé àpapọ̀ ìbò tí wọ́n kà pọ̀ gan-an ju iye èèyàn tó jáde lọ, kì í ṣe magomágo, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló lo ìbò méjì, mẹ́ta, mẹ́rin.

Ohun mìíràn tó máa ń da àwọn tó ń wá ìtàn láàmú ni pé wọ́n á wá iye ìbò tí ẹnì kan ní títí, wọn ò ní rí nǹkan kan. Tó bá jẹ́ pé èèyàn mẹ́rin péré ló gba fọ́ọ̀mù fún àyè mẹ́rin, kò sí ìdìbò, wọ́n á kéde pé wọ́n ti wọlé láìsí alátakò. Ó wọ́pọ̀ gan-an nílùú kékeré, nígbà míì àwọn àgbà ìlú ti jókòó sọ ọ́ nílé ọtí pé kí lágbájá má wulẹ̀ jáde lọ́dún yìí, kó dúró di ọdún tó ń bọ̀, kí ìlú má baà náwó sórí ìdìbò. Èmi ò fara mọ́ ọn pé ìyẹn kì í ṣe ìdìbò rárá bí àwọn kan ṣe ń sọ, torí àyè wà fún ẹnikẹ́ni tó bá rí èèyàn mẹ́wàá tó máa buwọ́ lùwé láti jáde kó sì ba ètò náà jẹ́, ó sì máa ń ṣẹlẹ̀.

Àwọn alderman wá ni wọ́n ṣòro jù láti lóye. Kì í ṣe ará ìlú ló ń yàn wọ́n. Àwọn káńsẹ́lọ̀ ló ń yàn wọ́n, ẹyọ kan fún káńsẹ́lọ̀ mẹ́ta, torí náà ìlú tó ní káńsẹ́lọ̀ 12 máa ń ní alderman mẹ́rin, ọdún mẹ́fà ni wọ́n ń lò, ìdajì wọn á kúrò lẹ́yìn ọdún mẹ́ta-mẹ́ta. Tí wọ́n bá mú káńsẹ́lọ̀ kan ṣe alderman, àyè ẹ̀ á ṣófo, wọ́n á tún dìbò kékeré láti dí i. Nínú ìpàdé, àwọn alderman ní ìbò kan náà pẹ̀lú àwọn káńsẹ́lọ̀ tó kù. Àwọn tó fẹ́ràn ètò yìí ní ó jẹ́ kí àwọn tó ní ìrírí dúró pẹ́, àmọ́ lójú tèmi àléébù ẹ̀ pọ̀, torí ẹni tí ará ìlú lù bolẹ̀ lọ́jọ́ 1 lè padà wọlé gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn lọ́jọ́ 9 tí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá pọ̀ nínú káńsù. Ó pẹ́ kí wọ́n tó fòpin sí i, ọdún 1974 ni alderman tó ń dìbò nínú káńsù tó kásẹ̀ nílẹ̀ káàkiri ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, London ló tún fi ọdún díẹ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ọjọ́ 9 November. Ọ̀sán gangan lòfin ní kí ìpàdé bẹ̀rẹ̀, yíyan méyọ̀ sì ni iṣẹ́ àkọ́kọ́. Ẹnì kan á dìde, á dárúkọ ẹni tó fẹ́, á ròyìn ẹ̀, ẹlòmíì á kín in lẹ́yìn. Tí wọn ò bá dárúkọ ẹlòmíì ó ti tán, tí wọ́n bá dárúkọ ẹlòmíì wọ́n á dìbò láàárín ara wọn, èèyàn mẹ́rìndínlógún péré. Ẹni tí wọ́n mú á búra, méyọ̀ tó ń lọ á gbé ṣéènì oyè kọ́ ọ lọ́rùn, wọ́n á dúpẹ́ lọ́wọ́ méyọ̀ àná. Òfin gbà wọ́n láyè láti mú ẹni tí kò sí nínú káńsù pàápàá, tó bá ṣáà ti kún ojú òṣùwọ̀n káńsẹ́lọ̀. Kò sì rọrùn láti sọ pé mi ò ṣe o, ẹni tí wọ́n bá yàn ní méyọ̀ tó kọ̀ ọ́ láìní àwíjàre, káńsù lè bu owó ìtanràn tó tó £100 lé e, owó ńlá ni nígbà náà, tó jẹ́ ti káńsẹ́lọ̀ tàbí alderman £50.

Torí náà àwọn tó ní wọ́n kàn fi oyè dá Minns lọ́lá ni, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Lóòótọ́ méyọ̀ kì í dá pàṣẹ bíi gómìnà, káńsù ló ń pinnu, àmọ́ òun ló ń darí ìpàdé, òun ló ń bójú tó ìdìbò ọdún tó tẹ̀ lé e, ipò náà sì sọ ọ́ di adájọ́ kékeré nínú ìlú, fún ọdún tó fi jẹ méyọ̀ àti ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ rò ó wò, aláwọ̀ dúdú kan jókòó lórí àga adájọ́ nílùú kékeré ní Norfolk, àwọn òyìnbó tó mutí yó tí wọ́n jà lálẹ́ ọjà ń dúró níwájú ẹ̀, ọdún 1904 nìyẹn.

Ta wá ni ọkùnrin náà? Erékùṣù Inagua ní Bahamas ni wọ́n bí i sí ní 1858. Bàbá bàbá ẹ̀ jẹ́ òyìnbó tó ṣí kúrò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ síbẹ̀, ó sì fẹ́ Rosette, obìnrin ọmọ Áfíríkà tó ti wà lóko ẹrú rí. Allan lọ kàwé ní Nassau, ó wá kọ́ iṣẹ́ dókítà ní Guy's Hospital ní London, lẹ́yìn náà ló lọ bá ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Pembroke tóun náà jẹ́ dókítà ní Thetford. Òun ló ń tọ́jú àwọn aláìsàn ní ọsibítù kékeré ìlú náà àti nínú workhouse, ilé tí wọ́n ń kó àwọn tálákà tí kò ní ibi tí wọ́n máa lọ sí. Nígbà tó fi máa dupò ní 1903, ó ti tó ọdún méjìdínlógún tó ti ń ṣe dókítà níbẹ̀, àwọn tó dìbò fún un, ó ti dúró lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì ọ̀pọ̀ nínú wọn. Èyí ló jẹ́ kí n gbà pé ìtàn yìí ga ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ, torí ìbò ìkọ̀kọ̀ àwọn aládùúgbò ló gbé e wọlé, àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ tó ń rí i nípàdé déédéé ló wá sọ pé òun làwọn fẹ́ kó jókòó sórí àga, tí ọdún kan sì pé, wọ́n tún un yàn. Ẹni tí wọ́n bá fẹ́ fi ṣe àfihàn lásán, wọn kì í pè é padà lẹ́ẹ̀kejì. Ọmọ ẹ̀ Allan Noel náà di dókítà, ó ṣe ọ́físà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Britain nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó gba oyè ìgboyà DSO àti MC. Bàbá fúnra ẹ̀ kú ní 1930.

Ti John Archer, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi bá yín jà. Liverpool ni wọ́n bí i sí ní 1863, ará Barbados ni bàbá ẹ̀, ará Ireland ni ìyá ẹ̀, afọ́tò ni. Ó wọ káńsù Battersea ní London ní 1906, wọ́n fi í jẹ méyọ̀ ní November 1913. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn Minns nìyẹn. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ méyọ̀ ní London, òkìkí ẹ̀ sì kàn torí London làwọn ìwé ìròyìn ńláńlá wà, torí náà ọ̀pọ̀ ìwé fi kọ ọ́ pé òun ló ṣáájú ní gbogbo Britain. Tiẹ̀ gan-an fi hàn kedere pé káńsù ló ń yan méyọ̀: ìbò 40 sí 39 ló fi wọlé, àwọn ọmọ káńsù ló dì í, kì í ṣe ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn Battersea.

Nígbà tí Minns ń jẹ méyọ̀, obìnrin tó lè dìbò ò tíì lè wọ káńsù ìlú bẹ́ẹ̀. Òfin 1907 ló ṣílẹ̀kùn yẹn, kò sì pẹ́ tí ìlú kékeré mìíràn nítòsí Norfolk, Aldeburgh ní etí òkun Suffolk, fi yan Elizabeth Garrett Anderson ní méyọ̀ ní November 1908, méyọ̀ obìnrin àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Dókítà lòun náà. Ọkọ ẹ̀ ti jẹ méyọ̀ ìlú náà rí kó tó kú ní 1907. Mo fẹ́ràn bó ṣe jẹ́ pé ìlú kékeré méjì tí kò sẹ́ni tó ka wọ́n sí ló ṣe ohun tí àwọn ìlú ńlá ò tíì ṣe.

Ìyókù ò ní gùn. Ní 1918 wọ́n fún ìyàwó ẹni tó ń san réètì láyè láti dìbò káńsù tó bá ti pé ọdún 30. Ọdún 1945 ni wọ́n tó sọ pé gbogbo àgbàlagbà tó lè dìbò Pálímẹ́ǹtì lè dìbò káńsù, bóyá wọ́n ń san réètì tàbí wọn ò san. Ní 1949 wọ́n gbé ìdìbò àwọn borough, ìyẹn àwọn ìlú tó ní méyọ̀ àti káńsù tiwọn bíi Thetford, kúrò ní November lọ sí oṣù May. Ní 1974, àtúntò ńlá dé, borough kékeré bíi Thetford pàdánù agbára wọn, iṣẹ́ tó wúwo lọ sọ́dọ̀ káńsù àgbègbè Breckland àti ti Norfolk, àmọ́ Thetford ṣì ní káńsù ìlú, ó sì ṣì ní méyọ̀ tí àwọn káńsẹ́lọ̀ ń yàn lọ́dọọdún.

Ohun tó ń rú àwa táà ń gbé UK lójú jù lónìí ni pé oríṣi méyọ̀ méjì ló wà. Irú ti Sadiq Khan ní London, gbogbo olùdìbò ló ń yàn án tààrà, láti 2000 ni irú ìyẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó ní bọ́jẹ́ẹ̀tì àti agbára. Irú kejì, tó ń wọ ṣéènì tó sì ń ṣí ilé ẹ̀kọ́ tuntun, ọmọ káńsù lásán ni tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ yàn fún ọdún kan, bíi Tayo Situ, ọmọ wa tó jẹ méyọ̀ Southwark ní 2010. Èkó náà gba ọ̀nà kejì yìí kọjá, torí ọ̀dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti mú ètò náà wá: nígbà tí wọ́n dìbò káńsù Èkó ní 1950, àwọn ọmọ káńsù ló yan Dókítà Abubakar Olorun-Nimbe, òun nìkan ló sì jẹ méyọ̀ Èkó rí, dókítà bíi ti Thetford.

Nǹkan kan tún kù tó kan àwọn èèyàn wa gan-an. Ohun tó jẹ́ kí òfin gba Minns láyè láti dìbò àti láti dupò láìbéèrè ibi tí wọ́n bí i sí ni pé Bahamas wà lábẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ abẹ́ ọba sì ni òun náà. Ẹ̀tọ́ yẹn ò kú pẹ̀lú ìjọba amúnisìn, ó wà títí dòní fún àwọn ará Commonwealth. Ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé ní UK pẹ̀lú físà tó ṣì ń ṣiṣẹ́, tó ti pé ọdún 18, lè forúkọ sílẹ̀ kó sì dìbò káńsù, kò dìgbà tó bá gba pásípọ́ọ̀tì òyìnbó. Láti dupò káńsẹ́lọ̀ ni wọ́n ti ń béèrè pé kó ti ní ìwé ìgbélùú tí kò lọ́jọ́ ìparí. Ìdìbò náà sábà máa ń bọ́ sí Thursday àkọ́kọ́ nínú oṣù May, láti 2023 sì ni wọ́n ti ń béèrè ìwé ìdánimọ̀ tó ní fọ́tò ní ibùdó ìdìbò nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Pásípọ́ọ̀tì Nàìjíríà wà lára èyí tí wọ́n ń gbà.